Iná Yàrá Ọmọdé Wa: Ta Ni À Ń Rántí Gan-an?

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọkọ̀, ẹ kú ìfaradà sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé, tí ẹ ti pa iná yàrá, tó jẹ́ pé ojú fóònù nìkan ló ń tàn sí yín lójú, ẹ kú ìsinmi. Ọ̀rọ̀ yín gan-an ló délẹ̀ lónìí.

Ọ̀rọ̀ iná ni. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó mítà. Mo fẹ́ kí a sọ̀rọ̀ nípa ohun tó ń tàn nínú yàrá tí ẹ ń sùn nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Ẹ rò ó wò díẹ̀. Kí ló rọ̀ sílẹ̀ láti òkè àjà? Gílóòbù ni àbí flọ́rẹ́sẹ̀ǹtì? Níbo ni síwíìṣì wà? Nígbà tí ọwọ́ yín ò tíì tó o, ta ni ẹ máa ń pè kó bá yín pa á?

Mo ti bi àwọn ọ̀rẹ́ mi bíi mẹ́wàá ní ìbéèrè yìí. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó sọ̀rọ̀ iná fún mi ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kí a tó ṣẹ́jú pẹ́, ènìyàn ni wọ́n ti ń sọ: ẹ̀gbọ́n tó ń fi òjìji ọwọ́ dẹ́rù bà wọ́n, ìyá tó ń rán aṣọ lóru, bàbá tó máa ń wá wò wọ́n kó tó lọ sùn. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ni ọ̀rọ̀ yìí máa dá lé.

Yàrá wa ní Ọ̀wọ̀

Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, níbi tí ariwo Ọjà Ọba ti ń dé etí wa bí ọjà bá kún. Àwa ọmọ mẹ́ta là ń sun yàrá kan: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, èmi, àti àbúrò wa. Gílóòbù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Wáyà tí wọ́n lọ́ pọ̀ ló fi rọ̀ sílẹ̀ láàárín yàrá, kò sì ní ìbòrí kankan. Bí afẹ́fẹ́ bá gba ojú fèrèsé wọlé, gílóòbù á máa mì, òjìji wa náà á sì máa mì lára ògiri.

Síwíìṣì rẹ̀ dúdú, ó rí róbótó, ó sì máa ń ké “kà!” bí a bá tẹ̀ ẹ́. Kò sí bí èèyàn ṣe lè yọ́ iná tàn lóru. Màámi á ti gbọ́ ọ láti yàrá tiwọn: “Ta ló tún tan iná yẹn?”

Iná tó ń wá nírọ̀lẹ́ nígbà yẹn kì í sábà lágbára. Háàfù kọ́rẹ́ǹtì là ń pè é. Gílóòbù á kàn pọ́n bí ẹyin iná tó fẹ́ kú, a sì lè tẹjú mọ́ okùn tín-ín-rín tó wà nínú rẹ̀ láìṣẹ́jú. Òun náà la fi ń kàwé. Ohun tó fà á ni pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni gílóòbù àtijọ́ mọ̀: kó mú okùn irin tín-ín-rín kan, tí wọ́n ń pè ní tungsten, gbóná títí tí yóò fi máa tàn. Bí agbára iná bá lọ sílẹ̀, okùn náà ò ní gbóná tó, á sì pọ́n. Kódà bí iná bá pé pérépéré, nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 péré nínú ohun tí gílóòbù náà ń jẹ ló ń di ìmọ́lẹ̀. Gbogbo ìyókù, ooru lásán ni. Ìdí nìyẹn tó fi ń jó ẹni tó bá fọwọ́ kàn án.

Nígbà tó yá, bàbá wa ra flọ́rẹ́sẹ̀ǹtì, ọ̀pá gígùn tó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Àwa ọmọ yọ̀! Yàrá funfun bí ọ̀sán gangan. Ṣùgbọ́n flọ́rẹ́sẹ̀ǹtì kì í gba háàfù kọ́rẹ́ǹtì. Ó ní ohun kékeré kan tó ń jẹ́ sítátà tó gbọ́dọ̀ gbé e dìde, bí agbára ò bá sì tó, kò ní dìde. Á kàn máa ṣẹ́jú, ẹnu rẹ̀ méjèèjì á pọ́n, á máa kùn bí oyin. Ẹ̀gbọ́n mi á gun àga, á fọwọ́ yí sítátà, á sọ̀ kalẹ̀, á tún gun àga. Torí náà, bàbá wa ò yọ gílóòbù àtijọ́ kúrò. Méjèèjì jọ ń gbé orí àjà kan náà, ọ̀kan fún ọjọ́ tí iná bá dára, ìkejì fún ọjọ́ tó bá rí bó ṣe rí.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún ẹ̀yin tí flọ́rẹ́sẹ̀ǹtì ṣì wà nílé yín: bí ọ̀pá náà bá kú, ẹ má ṣe gbé e fún ọmọdé kó fi ṣe idà. Ní àdúgbò wa, wọ́n máa ń fọ́ ọ mọ́ ògiri torí ìró rẹ̀ dùn. Mákúrì wà nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí ọmọ fà á símú.

Bí wọ́n bá wá mú iná lọ, ó kan lántánì. Ìṣó kan wà lára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ibẹ̀ ni wọ́n ń fi kọ́. Èéfín rẹ̀ ti ya àmì dúdú róbótó sókè ìṣó náà. Iye ìgbà tí wọ́n kun yàrá yẹn lọ́dà, mi ò lè kà á. Àmì yẹn máa ń yọ padà ni.

Iṣẹ́ ọmọ ni lántánì. Kí oòrùn tó wọ̀, ẹnì kan ti gbọ́dọ̀ yọ gíláàsì rẹ̀, kó fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kó fi ìwé ìròyìn nù ún gbẹ, kó fi sísọ́ọ̀sì gé ẹnu òwú kó gún régé, kó sì bu kẹrosíìnì sí i. Bí òwú bá ga jù, gíláàsì á dúdú. Bí omi tútù bá kan gíláàsì gbígbóná, ó fọ́ nìyẹn, ẹ ò sì ní fẹ́ wà nítòsí nígbà tí màámi bá dé. Nígbà òjò, èsúnsún á tẹ̀ lé ìmọ́lẹ̀ wọlé, a ó gbé abọ́ omi sábẹ́ lántánì kí wọ́n lè máa já sínú rẹ̀. Bí gbogbo ilé bá fẹ́ sùn, wọ́n á rẹ òwú rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n á gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹni tó bá jí lóru lè rí ọ̀nà.

Yàrá Màmá Ìfọ́n

Bí ọlidé bá dé, Ìfọ́n là ń lọ, ìlú tó jẹ́ olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀sẹ́, lójú ọ̀nà tó gba Ọ̀wọ̀ lọ sí Benin. Ọ̀dọ̀ ìyá màámi ni. Màmá Ìfọ́n là ń pè wọ́n. Lántánì kan ṣoṣo tí wọ́n ní, pálọ̀ ló ń gbé, ti àlejò ni. Ní yàrá, àtùpà alágolo ni: agolo mílíìkì tí àwọn tó ń jó páànù fi ṣe àtùpà, tí wọ́n lu ihò sí lórí, tí òwú gba inú rẹ̀ jáde. Kò ní gíláàsì. Iná rẹ̀ wà níta gbangba, ó sì ń rú èéfín bí ẹni ń sun igbó.

Bí a bá ti jẹun tán, tí a ti tẹ́ ẹní, Màmá Ìfọ́n á fẹ́ àtùpà náà pa. “Kẹrosíìnì kì í ṣe omi kànga,” bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Bí ẹnì kan nínú wa bá wá dìde lóru tó tẹ̀ wọ́n lẹ́sẹ̀, wọn kì í bínú. Wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín pé, “Òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀.” Ẹ mọ̀ pé ìtàn ìlú wa sọ pé ọ̀wọ̀ tí àwọn ènìyàn ní fún Ojúgbélú, Ọlọ́wọ̀ àkọ́kọ́, ni orúkọ Ọ̀wọ̀ ti wá. Torí náà, àwa ọmọ Ọ̀wọ̀ máa ń rò pé àwa gan-an ni òwe yẹn ń bá wí.

Inú òkùnkùn yẹn ni àlọ́ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ìgbà èwe mi, mo máa ń sọ pé a jókòó yí àtùpà ká, Màmá ń pàlọ́. Bẹ́ẹ̀ ni fíìmù ṣe ń yà á. Lójú tèmi, wọ́n ti fẹ́ àtùpà pa kí àlọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àlọ́ ò gba kẹrosíìnì. Ìyá àgbàlagbà kan tó ti ṣiṣẹ́ oko látàárọ̀, tí owó kẹrosíìnì ò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ló dùbúlẹ̀ nínú òkùnkùn tó ń fi ohùn rẹ̀ nìkan lé ẹ̀rù lọ fún ọmọ mẹ́ta. Àtùpà yẹn ò ṣe nǹkan kan níbẹ̀.

Ibi tí àwọn àtùpà yìí ti wá

Ọ̀rọ̀ náà “fìtílà” fúnra rẹ̀ rìn jìnnà. Èdè Lárúbáwá ló ti wá, níbi tó ti túmọ̀ sí òwú àtùpà, ó gba ọ̀dọ̀ àwọn Haúsá kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn baba ńlá wa ní àwo amọ̀ àti irin tí wọ́n ń da epo pupa tàbí àdín sí, tí wọ́n ń ti òwú bọ̀. Títí di òní, bí ọdún Ọ̀ṣun bá dé ní Òṣogbo, wọ́n ṣì ń tan iná olójúmẹ́rìndínlógún. Kẹrosíìnì ló lé epo kúrò nínú àtùpà ilé wa.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan wà tí mo gbà pé ó yí iṣẹ́ àtùpà padà ní agbègbè wa: ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955. Ọjọ́ yẹn ni ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Ọmọ Ọ̀wọ̀ kan, Michael Adékúnlé Ajásin, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Imade College nígbà náà, tó sì wá di gómìnà àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn ní Ìpínlẹ̀ Òndó ní 1979, ló kọ ìwé ìlànà ètò ẹ̀kọ́ náà fún ẹgbẹ́ Action Group. Ní ọdún àkọ́kọ́ yẹn, àwọn ọmọ tó wọ ilé ẹ̀kọ́ lé ní 800,000.

Ẹ rò ó wò. Ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ ló ń gbé sílétì àti ìwé lọ sílé tí kò ní iná mànàmáná. Èkó ti ní tirẹ̀ láti 1896, ṣùgbọ́n Èkó nìyẹn. Ní abúlé Ọ̀sẹ́, àtùpà tí wọ́n fi ń jẹun nìkan tẹ́lẹ̀ di ohun èlò ẹ̀kọ́. Bí ìyá bá ra kẹrosíìnì, owó ilé ìwé ló ń san yẹn. Ẹ̀kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́, ìmọ́lẹ̀ tí ọmọ máa fi kà á kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ohun tí ìrántí máa ń fò

Ó yá, ibi tó le nìyí. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Orí ayélujára kún fún àwòrán lántánì tí wọ́n kọ “ayé àtijọ́ dùn” sí lábẹ́. Àwọn ilé oúnjẹ kan ní Èkó ti ń gbé lántánì kọ́ bí ọ̀ṣọ́. Mi ò ní kí ẹ má gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí rẹ̀ tán.

Ní Ìfọ́n, bí ilẹ̀ bá mọ́ tí a bá fún imú, dúdú ló ń jáde. A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, ta ni tiẹ̀ dúdú jù? Èéfín tó wà nínú imú yẹn, ẹ̀dọ̀fóró wa náà gba tiẹ̀. Ní ọdún 2014, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìlànà jáde lórí ohun tí à ń dá nínú ilé, wọ́n sì gba aráyé nímọ̀ràn pé kí wọ́n jáwọ́ nínú lílo kẹrosíìnì, yálà fún oúnjẹ tàbí fún ìmọ́lẹ̀. Ká má tiẹ̀ sọ ti kẹrosíìnì tí àwọn oníjìbìtì da pẹtiróòlù pọ̀ mọ́, tó jẹ́ pé bí o bá ṣáná sí i, ó bú gbàmù. Ó ti ba ojú àti ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ́ nílẹ̀ yìí, ó sì ti pa àwọn mìíràn.

Ẹ tún wo àwọn ìwà kan tí òkùnkùn kọ́ àwọn òbí wa. Màámi ṣì ń fi ìṣáná sábẹ́ ìrọ̀rí, bẹ́ẹ̀ iná sólà ti wà nílé. Bí iná bá dé ní aago méjì òru, wọ́n á dìde lọ lọ aṣọ. Bí ẹ bá kúrò ní yàrá láìpa iná, kódà fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ó gbọ́ ọ. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí á ní màmá ń ṣahun. Kì í ṣe ahun. Ara wọn ló ń rántí ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ jẹ́ ohun tí à ń fi ìgò wọ̀n lọ́jà.

Àwa náà ò yàtọ̀. NEPA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972 ti pa orúkọ dà di PHCN ní 2005, wọ́n sì ti pín in tà fún àwọn iléeṣẹ́ aládàáni ní 2013. Ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ìyẹn, bí iná bá dé, “Up NEPA!” ló ń kígbe. Ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ kì í kígbe pé ó dé.

Torí náà, èrò tèmi rèé: Màmá Ìfọ́n ni mo fẹ́ràn, kì í ṣe àtùpà alágolo. Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gun àga ni mo fẹ́ràn, kì í ṣe flọ́rẹ́sẹ̀ǹtì tó ń ṣẹ́jú. Bí a bá gbé ìyìn àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn fún òkùnkùn, a ó máa rò pé òkùnkùn ló tọ́ wa dáadáa. A ó wá máa wo ọmọ tó ń fi àtùpà kàwé lónìí, a ó ní, “Àwa náà là á kọjá.” Ọ̀rọ̀ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Ta ló ń tan iná yàrá ọmọ òní?

Àwa tí a ń bẹ nílé ìwé nígbà tí GSM dé ní 2001 mọ bí nǹkan ṣe yí padà. Ní 2003, Nokia gbé 1100 jáde, fóònù kékeré tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Àwọn tó ṣe é fẹ́ kí ènìyàn fi pe ara wọn. Ní ilé wa, àtùpà ni. Ibẹ̀ ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní iná tirẹ̀ nínú yàrá kan náà. Ìjà ta ló dí ìmọ́lẹ̀ mọ́ ta parí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí à ń bá ara wa sọ náà dínkù.

Ní òní, gílóòbù LED ti kún ọjà. Àwọn onímọ̀ mẹ́ta tó jẹ́ kó ṣeé ṣe, Akasaki, Amano àti Nakamura, gba ẹ̀bùn Nobel ní 2014 torí pé wọ́n ṣe LED tó ń tan ìmọ́lẹ̀ búlúù, láti ara rẹ̀ la ti rí funfun. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60, bí ẹ bá tàn án ní wákàtí márùn-ún lójúmọ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́, yúníìtì 9 ló máa jẹ. LED oníwáàtì 9 tó mọ́lẹ̀ bíi tirẹ̀ máa jẹ yúníìtì 1.35. Ní 225 náírà tí wọ́n kéde fún yúníìtì kan ní Band A ní oṣù Kẹrin 2024, ti àkọ́kọ́ jẹ́ 2,025 náírà, ti ìkejì kò ju 304 náírà lọ. Yàrá kan péré nìyẹn o.

Nǹkan mìíràn tún ti yí padà tí ọ̀pọ̀ wa ò kíyè sí. Lẹ́yìn tí òfin iná mànàmáná tuntun jáde ní 2023, àjọ NERC gbé àkóso ọjà iná ní Ìpínlẹ̀ Òndó lé ìpínlẹ̀ náà fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ní 2024. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ọmọ kan bá ń fi tọ́ọ̀ṣì kàwé ní Ìdóàní tàbí ní Ìmẹ̀rí lónìí, Àkúrẹ́ ni apá tó pọ̀ jù nínú ìbéèrè náà ń lọ báyìí, kì í ṣe Àbújá nìkan. Àwọn tí à ń dìbò fún, tí a mọ ilé wọn, ló yẹ ká bi. Ẹni tó bá ń wá ìbò yín lọ́jọ́ iwájú, ẹ bi í pé: iná wo ló ń tàn nínú yàrá àwọn ọmọ ní Ọ̀sẹ́, wákàtí mélòó sì ni lálẹ́?

Iṣẹ́ àmúrelé

Mo ní iṣẹ́ àmúrelé méjì fún yín kí a tó pínyà.

Àkọ́kọ́: ẹ pe òbí yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín lálẹ́ òní. Ẹ má bi wọ́n pé “báwo ni ayé àtijọ́?” Ìyẹn ti tóbi jù, “ó dáa” ni wọ́n máa fi dáhùn. Ẹ bi wọ́n pé, “Kí ló ń tan iná ní yàrá yín nígbà tí ẹ wà ní kékeré, ta ló sì máa ń pa á?” Kí ẹ wá dákẹ́. Kí fóònù yín máa gba ohùn wọn sílẹ̀. Mo fẹ́ kí n ní ohùn Màmá Ìfọ́n lórí ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n fóònù ò tíì wọ ilé wa nígbà tí wọ́n lọ.

Ìkejì: bí ẹ bá tún lọ sílé, ẹ wòkè. Ẹ wo gílóòbù yàrá òbí yín, ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, ti ọ̀nà ilé ìwẹ̀. Èyí tó ti kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí àbẹ́là tàbí àtùpà kẹrosíìnì bá ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ, ẹ ra iná sólà kékeré kan fún wọn kí ẹ tó ra ankara ọdún. Ojú àgbà kì í ríran dáadáa lóru, ẹsẹ̀ wọn kì í sì í jìnnà sí ìṣubú.

Bí ẹ bá ti bi wọ́n tán, ẹ fi ohun tí wọ́n sọ ránṣẹ́ sí wa, a ó kà á. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Kí iná má kú mọ́ wa lójú.